Taifọ́ọ̀dù: Ẹ Fi Okùn Wọn Ẹ̀yìnkùlé Yín Wò

[Ọwọ́ kan na ìwé pélébé kan sí kámẹ́rà.]

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo ìwé yìí dáadáa. Ilé àyẹ̀wò kan ládùúgbò ló fún mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n kọ "O 1/160" sí i, wọ́n kọ "H 1/80" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fi bírò pupa yí ti òkè po. Ọmọbìnrin tó gbé e lé mi lọ́wọ́ ní, "Bọ̀dá, taifọ́ọ̀dù yín ti pọ̀ o." Mo gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara mi tún gbóná, wọ́n tún ní taifọ́ọ̀dù ni. Ìgbà kẹta ni mo tó bá nọ́ọ̀sì àgbà kan pàdé. Ó wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò fún ibà ẹ̀fọn. Ibà ẹ̀fọn náà ló sì ń ṣe mí.

Mo mọ̀ pé irú ìwé báyìí wà nílé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń wò mí. Àyẹ̀wò tó gbé e jáde ni wọ́n ń pè ní Widal, orúkọ dókítà ará Faransé kan tó gbé e kalẹ̀ ní 1896. Àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ló ń wá. Ogun sì lè ti parí tipẹ́ kí àwọn ọmọ ogun má tíì tú ká. Bí taifọ́ọ̀dù bá ti ṣe yín rí, bí ẹ bá ti gba àjẹsára rẹ̀, bí kòkòrò mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ bá wọ ara yín, kódà bó bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn lásán, ìwé lè sọ pé ó wà. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí.

[Ìgò kékeré kan tí omi pupa rúsúrúsú wà nínú rẹ̀.]

Èyí tó ṣe é gbára lé jù lọ ni blood culture. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á dà á sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ sì ju ti Widal lọ. Òun náà kò mọ gbogbo rẹ̀ o: nínú aláìsàn taifọ́ọ̀dù 10, ó lè fo bíi mẹ́rin. Tí ẹ bá sì ti gbé oògùn apakòkòrò mì láti kẹ́mísì kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó lè má hù rárá. Kóró oògùn méjì tí ẹ fẹ́ fi dènà àìsàn ló wá bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Taifọ́ọ̀dù gidi wà, ó sì ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ènìyàn ló kó o lágbàáyé, àwọn bíi 110,000 sì kú. Ibà rẹ̀ kì í sábà dé lójijì. Á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, orí á máa fọ́, inú á máa run, oúnjẹ kò ní wọlé. Ti ẹlòmíràn, ìgbẹ́ á gbẹ. Ti ẹlòmíràn, á máa ṣu gbuuru. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò náà lè dá ihò sí ìfun. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa: wọ́n á gbé e dé, ikùn rẹ̀ á ti le gbagidi bíi pákó, kò ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ lè se ewé ìbépẹ àti omidùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, èyí ti kọjá ti àgbo. Iṣẹ́ abẹ ló kù.

Níbo ló ti wá? Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fídíò dúró ná.

[Kànga kan lẹ́yìnkùlé, rọ́bà ìfami wà lórí rẹ̀.]

Ara ènìyàn nìkan ni Salmonella Typhi, kòkòrò tó ń fa taifọ́ọ̀dù, ń gbé. Kò sí lára ewúrẹ́, kò sí lára adìyẹ, eku kò gbé e. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá kó o, ìgbẹ́ ènìyàn kan ló rí ọ̀nà dé ẹnu rẹ̀. Omi sì ni ọ̀nà tó gbòòrò jù. Wọ́n ní kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè, ó kéré tán, mítà 30. Ìyẹn ń lọ bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Pulọ́ọ̀tì tí à ń rà ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn ni! Gígùn ilẹ̀ yín látòkèdélẹ̀ ló yẹ kó wà láàrin méjèèjì. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i ṣe bẹ́ẹ̀, sọ́kàwéè ti ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì yín wá ńkọ́? Ẹnìkan ń ṣọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ kó má bàa ba kànga ara rẹ̀ jẹ́, ló bá gbé e lọ sí ẹ̀bá kànga ẹlòmíràn.

Ẹ tún gbọ́ ti álọ́ọ̀mù. A máa ń jù ú sínú kànga, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, omi á mọ́ gaara, a ó ní ó ti dára. Ìdọ̀tí tó fojú hàn ló rọ̀. Ìyókù kòkòrò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó dáadáa lórí iná fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kẹ́ ẹ lo oògùn kílórínì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ọwọ́. Obìnrin kan wà, Mary Mallon, ará Ireland, tó ń se oúnjẹ fún àwọn olówó ní New York. Ní 1906, ó ń ṣiṣẹ́ nílé kan ní Oyster Bay. Ènìyàn mẹ́fà nínú 11 tó wà nínú ilé náà dùbúlẹ̀. Ara Mary le koko. George Soper, ẹnjiníà ìmọ́tótó tó tọpa rẹ̀, rí i pé taifọ́ọ̀dù ti tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé. Ó fura sí áísìkiríìmù tí Mary máa ń gé èso tútù sí, torí iná kò kan ìyẹn. Lára irú ẹni tó gbé kòkòrò náà láìṣàìsàn bẹ́ẹ̀, àpò òróǹró ni kòkòrò náà sábà máa ń fara pamọ́ sí, kò sì ní ṣe ẹni tó gbé e ní nǹkan kan. Wọ́n fi Mary sí erékùṣù kan ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910, wọ́n ní kó má se oúnjẹ mọ́. Ó lọ ń fọṣọ. Owó aṣọ fífọ̀ kò tó ti oúnjẹ. Ní 1915, wọ́n bá a lábẹ́ orúkọ mìíràn nílé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Ènìyàn 25 ló kó o níbẹ̀, méjì kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1938.

Èmi a máa káàánú rẹ̀, mo mọ̀ pé gbogbo yín kò ní gbà. Ọlọ́pàá ni wọ́n fi mú un. Kò gbà rí pé òun gbé àìsàn kankan, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní òmíràn tó tó o.

Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn tí mo bá rí ìyá tó ń gé ọ̀pẹ òyìnbó lẹ́bàá títì. Abọ́ omi kan ṣoṣo ló ní láti àárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣan ọ̀bẹ, ibẹ̀ ló ti ń ṣan ọwọ́, òun náà ló ń wọ́n sórí èso kó máa dán. Ẹ lé e lónìí, á na àtẹ rẹ̀ síwájú lọ́la. Garawa tó ní ẹnu ẹ̀rọ kan àti ọṣẹ á ṣiṣẹ́ ju lílé e kiri lọ.

[Abọ́ ìṣanwọ́ láàrin tábìlì, ọwọ́ mẹ́rin ló yí i ká.]

Àwa náà ńkọ́ lóde àríyá? Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀, àgbà ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ìdọ̀tí gbogbo tábìlì ni ọmọdé wá ń fi wẹwọ́. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe àlùwàlá: kẹ́túlù ló fi ń da omi lé ọwọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ kún un.

Láyé àwọn ìyá wa, wolé-wolé á kàn wọlé, á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, á sì rìn dé ṣáláńgá. Ọmọdé ń sá fún wọn. Ó wù mí kí irú wọn pọ̀ sí i, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n bu owó ìtanràn lọ.

Àjẹsára ńkọ́? Ó wà. Ní Hyderabad, nílẹ̀ Pakistan, irú taifọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀ ní 2016 tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn mọ́. Ní 2019, Pakistan di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fi àjẹsára tuntun tí ọmọ oṣù mẹ́fà lè gbà sínú ètò àjẹsára ọmọdé. Liberia ṣe tiwọn ní 2021, Malawi ní 2023. Ẹ bi dókítà yín léèrè nípa rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yéé gbé ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò kan, mì sí gbogbo ibà: bí kòkòrò ṣe ń kọ́ bí wọ́n ti ń borí oògùn nìyẹn.

[Okùn kan nà gbọọrọ láti ẹnu kànga.]

Kí n tó ya fídíò yìí, mo fi okùn wọn tilé tí mò ń gbé. Láti kànga dé sọ́kàwéè, ẹsẹ̀ bàtà 38. Mo sọ fún bàbá onílé, wọ́n ní 1994 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò tíì kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wọlé lọ gbé omi kaná.