Ta ni a pe wá wò ó? Ọ̀rọ̀ lórí ìfihàn àkànṣe níbi àjọ̀dún fíìmù LGBTQ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́. Bí ènìyàn bá mú ìwé ètò àjọ̀dún fíìmù dání, yóò rí i pé, yàtọ̀ sí àwọn fíìmù gígùn tí wọ́n tò lọ́jọ́ọjọ́, àwọn ètò kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀: ìfihàn ìṣíde, àkójọ fíìmù kúkurú, fíìmù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, àti ìfihàn tí olùdarí eré yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn òǹwòran lè bi í ní ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àwọn wọ̀nyí sí ọ̀ṣọ́ lásán. Èrò tèmi ni pé àwọn gan-an ni ọkàn àjọ̀dún, pàápàá àjọ̀dún tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí orúkọ "ọkùnrin" tàbí "obìnrin" tí a fún wọn lọ́jọ́ ìbí kò bá wọn mu. Ètò àkànṣe jẹ́ àdéhùn. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ti dárúkọ àwọn tó ń pè, ó sì ti ṣèlérí fún wọn pé, nígbà tí wọ́n bá pa iná gbọ̀ngàn, wọn yóò rí ara wọn.

Àwọn orúkọ kan wà tí a fi ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí lédè wa, tó jẹ́ pé èébú pátápátá ni. N kò ní lò wọ́n. LGBTQ ni mo máa lò, nítorí òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

San Francisco ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń fi kámẹ́rà Super-8 ya fíìmù kó iṣẹ́ wọn jọ, wọ́n ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì sára ògiri ilé ìpàdé kan ní òpópónà Page, wọ́n sì pe àwọn ènìyàn wọn wá wò ó. Ó yẹ kí a mọ ohun tí Super-8 jẹ́. Àpótí ike kékeré kan tó gbà sí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi sínú kámẹ́rà. Fíìmù inú rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn oníṣẹ́jú mẹ́wàá ní láti gé fíìmù náà sí wẹ́wẹ́, kí ó sì fi téèpù tín-ín-rín lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ojú gígé kan lẹ́yìn òmíràn, lórí tábìlì ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìfihàn náà sílẹ̀, Dan Nicoletta, ń ṣiṣẹ́ ní Castro Camera, ṣọ́ọ̀bù Harvey Milk, ẹni tí wọ́n dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ ìlú náà lópin ọdún 1977 kan náà, tí wọ́n sì yìnbọn pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978. Níbi ìfihàn yìí, àwọn tó ya fíìmù, àwọn tó wà nínú fíìmù, àti àwọn tó jókòó wò ó, ará àdúgbò kan náà ni wọ́n. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun ta ni wọ́n pè.

Láti ara aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Frameline ti jáde, àjọ̀dún fíìmù LGBTQ tó pẹ́ jù lọ lágbàáyé nínú àwọn tó ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń lo gbọ̀ngàn Castro, tí wọ́n kọ́ ní 1922, tí àga inú rẹ̀ lé ní 1,400 nígbà náà, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ dùùrù ńlá kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Bí àjọ̀dún náà ṣe ń tóbi ni ìbéèrè pé ta ni a pè ń le sí i, nítorí kì í ṣe ará àdúgbò kan náà ni gbogbo èrò mọ́.

Ní 1986, ìbéèrè náà bú jáde. Wọ́n kéde àkójọ fíìmù kúkurú kan pé ti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni, àwọn obìnrin sì wá. Nínú rẹ̀ ni fíìmù Midi Onodera wà, olùdarí eré láti Kánádà, tó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: apá kan jẹ́ ti obìnrin méjì, èkejì jẹ́ ti ọkùnrin méjì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tí apá àwọn ọkùnrin dé, ariwo ta nínú gbọ̀ngàn. Àwọn òǹwòran figbe ta pé kì í ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá nìyí. Àwọn kan ti kọ̀wé lẹ́yìn náà bí ẹni pé àìgbọ́n ló mú àwọn obìnrin náà pariwo. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni fíìmù àwọn ọkùnrin ń gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìwé ètò. Ètò kan tí wọ́n pè ní ti obìnrin yìí ni wọ́n ti ń retí, wọ́n sì rí i pé wọ́n tún pín in fún ẹlòmíràn mọ́ wọn lójú. Onodera kò ṣẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ẹni tó fi orúkọ sórí ètò náà ni kò ro àdéhùn inú orúkọ yẹn tán. Fíìmù yìí kan náà, bí wọ́n bá fi í sábẹ́ orúkọ mìíràn, kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Mo dúró pẹ́ lórí ìjà yìí nítorí ó fi iṣẹ́ ẹni tó ń ṣa fíìmù hàn wá. Bí ìyá ọlọ́jà ṣe mọ̀ pé tòmátì tó wà lókè àtẹ ló ń sọ irú èyí tó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣètò mọ̀ pé fíìmù kúkurú àkọ́kọ́ ni yóò sọ fún òǹwòran bí yóò ṣe wo mẹ́fà tó kù. Èyí tó wúwo kò gbọdọ̀ tẹ̀lé èyí tó wúwo. Ẹ̀rín gbọ́dọ̀ wà níbì kan, kí ẹni tó wá nìkan lè gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn nínú òkùnkùn, kí ó sì mọ̀ pé òun kò dá wà.

Àdéhùn kan tún wà pẹ̀lú àwọn tó ti kú. Ní 1919, Richard Oswald ya fíìmù kan ní Jámánì pẹ̀lú dókítà Magnus Hirschfeld, láti tako òfin tó sọ ìfẹ́ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba. Ní 1920 wọ́n fòfin dè é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1933, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ya wọ ilé ìwádìí Hirschfeld ní Berlin, wọ́n kó ìwé rẹ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n níta gbangba. Fíìmù náà kò parun tán, nítorí Hirschfeld ti fi apá kan rẹ̀ sínú fíìmù mìíràn ní 1927, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nípamọ́ ní Rọ́ṣíà. Àwọn tó tún un ṣe ní yunifásítì UCLA, níbi tí àjọ̀dún Outfest ti dá ètò ìpamọ́ fíìmù sílẹ̀ ní 2005, kò díbọ́n pé ó pé. Níbi tí àwòrán tó ń rìn ti sọnù, fọ́tò tó dúró gbọnin ni òǹwòran yóò rí, àti ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìfihàn àkànṣe, irú èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn jókòó, ó ń wo ihò tí iná jó.

Àwọn tí kò lè wá ńkọ́? Láti 2015 ni àjọ̀dún BFI Flare ti Lọ́ńdọ̀nù àti British Council ti ń gbé fíìmù kúkurú márùn-ún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà àjọ̀dún, kí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè tí òfin ti de irú ìfẹ́ yìí lè wò wọ́n. Nàìjíríà wà lára wọn: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, àti ọdún 10 sórí ẹgbẹ́ wọn. Mo yin ètò yìí gidigidi. Síbẹ̀, ẹni tó bo fóònù mọ́ abẹ́ aṣọ ní Ìbàdàn tàbí Agége rí fíìmù nìkan ni. Kò rí ẹni tí wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín, kò sì rí olùdarí tí yóò bi ní ìbéèrè. Ó dùn mí pé ní 2023, nígbà tí fíìmù Babatunde Apalowo, ìtàn Bambino tó ń fi alùpùpù kó ẹrù àti Bawa tó ń ya fọ́tò ní ìlú Èkó, gba ẹ̀bùn Teddy ní Berlin, ẹ̀bùn tí wọ́n ti ń fún fíìmù LGBTQ láti 1987, òkèèrè ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún Èkó náà.

Ìfihàn àkànṣe tó ṣe mí ní kàyéfì jù kò sí nínú ìwé ètò àjọ̀dún kankan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ní Nairobi dá ìfòfindè dúró lórí fíìmù Wanuri Kahiu, ìtàn ìfẹ́ àwọn ọmọbìnrin méjì, fún ọjọ́ méje péré, kí wọ́n lè fi í du ẹ̀bùn Oscar. Adájọ́ sọ àwọn tó lè wò ó: àgbàlagbà tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ará Nairobi kún gbọ̀ngàn sinimá. Nígbà tí ọjọ́ keje pé, ìfòfindè náà padà.