“Ẹ Ò Fọ Ẹnu Dáadáa”: Ọ̀rọ̀ Lórí Họ́mọ̀nù, Èrìgì àti Eyín

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti aráàlú tó bá wa jókòó nìyí. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti wúkọ́ kúrò. Àwàdà ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀, bí kò tiẹ̀ pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo eyín, bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi, èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín iwájú 2 sì ti ń mì. Mo wo ẹnu, mo mi orí, mo ní, “Bàbá, ẹ ò fọ ẹnu dáadáa.” Wọ́n ní àwọn ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, àwọn ń fọ̀ ọ́ lálẹ́. Mo ní kí wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù 3, wọ́n padà wá. Eyín tó ń mì ti di 4. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì wọn dání wá bí ẹlẹ́rìí, gbogbo irun rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ara wọn lẹ́nu nítorí mi. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí ló wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè: “Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dìde tọ̀ lóru?” Wọ́n ní ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àtọ̀gbẹ ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti gbólóhùn náà ti ń jà. “Ẹ ò fọ ẹnu dáadáa” ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ láyé. Kò ná dókítà ní kọ́bọ̀, aláìsàn ló máa ru ìtìjú rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ má lọ sọ pé mo ní kí ẹ má fọ ẹnu o! Bí kò bá sí ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀, irú àrùn èrìgì tí mò ń sọ yìí ò ní bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìdọ̀tí tí èrìgì ẹnìkan máa fara dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kan náà lè tú eyín ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ò sí níkàáwọ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan náà, ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀.

Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà ara bí oyin ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó bá kòkòrò jà á máa fà sẹ́yìn. Ìwúlé tó yẹ kó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìjà ò ní lọ, ara á wá máa bá ara rẹ̀ jà. Àwọn okùn tín-ín-rín tó so eyín mọ́ egungun á máa já ju bí ara ṣe ń so wọ́n padà. Itọ́ á dín kù, ẹnu á gbẹ, ohun funfun bíi wàrà tó dì á máa hù lórí ahọ́n. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan wà tí àwa oníṣẹ́ eyín máa ń kì bọ àárín eyín àti èrìgì, ó ní àmì mìlímítà lára. Níbi tí ara bá ti dá, kì í sábà wọlé ju mìlímítà 3 lọ. Lẹ́nu bàbá yẹn, ó wọlé dé 8, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ kí n tó fà á jáde.

Ibi tí mo ti máa ń pẹ́ jù la dé yìí, ẹ fara dà á fún mi. Ọ̀nà ọ̀hún ò já síbì kan ṣoṣo. Èrìgì tó wú, tó ń ṣọgbẹ́, ń tú oró sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, oró yẹn kì í sì í jẹ́ kí ínsúlíìnì, họ́mọ̀nù tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ríṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ. Bí a bá tọ́jú èrìgì alátọ̀gbẹ dáadáa, ìdánwò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù 2 sí 3, máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn kéré, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi oògùn kejì kún tirẹ̀.

Lọ́dún 1993, Harald Löe, onímọ̀ eyín ọmọ ilẹ̀ Norway, kọ ọ́ pé àrùn èrìgì ni aburú kẹfà tí àtọ̀gbẹ ń fà, lẹ́yìn ojú, kíndìnrín, iṣan ìmọ̀lára, òpó ẹ̀jẹ̀ ńláńlá àti ọgbẹ́ tí kì í jiná. Àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wà níjòókòó níbí, wọn ò ní bínú: wọ́n ń ní ká wo ojú, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n ń ní kí aláìsàn bọ́ bàtà. Ẹnu tí onítọ̀hún fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní tòótọ́ ni wọn kì í ní kó là. (Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé àwọn oníṣẹ́ eyín náà kì í yẹ ṣúgà wò. Òótọ́ ni. Mo ṣáà ti jẹ́wọ́.)

Àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí àwọn ẹ̀yà ara tí à ń pè ní ẹṣẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi rán ara níṣẹ́. Ẹṣẹ́ kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Bí kókó bá hù sí i, tó ń da họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára àgbàlagbà, egungun párì ìsàlẹ̀ á máa yọ síwájú, ahọ́n á tóbi, eyín á máa jìnnà síra wọn. Dókítà Pierre Marie ló sọ àìsàn náà ní acromegaly ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1886, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣì máa ń kọjá kí wọ́n tó rí i lára aláìsàn. Èjí àbímọ́ wuyì, ìyàwó mi ní in, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́ni ọdún 45, tí bàtà àti òrùka onítọ̀hún náà ti ń há, ìyẹn kì í ṣe ẹwà. Eyín àtọwọ́dá tó bá ń há, tí a ṣe òmíràn, tí òmíràn tún há, ẹ má bínú sí ẹni tó ṣe é mọ́.

Mo ṣì ní àwòrán 14 láti fi hàn nígbà tí ìyá kan nawọ́ sókè. Wọn ò dúró kí wọ́n gbé gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Dókítà, ọ̀rọ̀ yín dára. Àmọ́ dókítà eyín mi ní kí n lọ mú ṣúgà wálẹ̀ kóun tó yọ eyín. Dókítà ṣúgà ní ṣúgà ò lè wálẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí eyín bá ṣì ń sọ ọyún. Oṣù kejì rèé. Èwo ni kí n ṣe ná?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo pa àwòrán.

Mo ní, “Ìyá, ọyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni.” Eyín tí a fẹ́ fi ṣoge, tàbí eyín irin tí a fẹ́ rì mọ́ egungun, lè dúró kí ṣúgà kọ́kọ́ balẹ̀. Ọyún yàtọ̀. A gbọ́dọ̀ tú u jáde, kí dókítà ṣúgà máa ṣàtúnṣe oògùn lọ́wọ́ kan náà, nílé ìwòsàn bí ṣúgà bá ga gan-an. Bí ojú bá wú, tí ẹnu ò ṣeé là mọ́, tí gbígbé itọ́ mì ń nira, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí wọ́n gbà lọ lóru ọjọ́ náà.

Ìyá tún bi mí pé ṣé kí àwọn gbààwẹ̀ lọ ni. Rárá o! Bí kò bá ti jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kun yín lóorun, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe là á sílẹ̀, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà dání. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú lè pẹ́ lára fún wákàtí mélòó kan, ètè á wúwo, èèyàn ò ní lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ínsúlíìnì àárọ̀ ti wà nínú ara tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo èèyàn. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ẹ mu nǹkan dídùn tó ní gíráàmù 15 ṣúgà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n.

Alága ti na ìka 5 sí mi. Ó wá na 2. Ẹ gba ìyókù ní wàràwàrà.

Táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀: bí kò bá ṣiṣẹ́ tó lára ọmọdé, eyín á pẹ́ kó tó hù, ahọ́n á nípọn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ jù, eyín wàrà á tètè bọ́, ọkàn á máa sáré, dókítà eyín sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lo abẹ́rẹ́ tó ní adrenaline, èyí tó lè mú kí ọkàn túbọ̀ sáré. Ẹni tó ń lo carbimazole, oògùn tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù, tí ọ̀fun bá ń dùn ún, tí ibà sì dé, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Àìsàn tí dókítà Thomas Addison kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1855, èyí tó ń ṣe ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, lè mú àbàwọ́n dúdú wá sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí èrìgì dúdú mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àárẹ̀, rírù àti òòyì bá a wá, ni kí ẹ sá tẹ̀ lé. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn sitẹ́rọ́ìdì fún ìgbà pípẹ́, kó má dá a dúró lójijì nítorí ó fẹ́ yọ eyín.

Ẹṣẹ́ páratáírọ́ìdì, èyí tó wà lẹ́yìn táírọ́ìdì, tó bá ń ṣiṣẹ́ jù lè jẹ egungun párì, kí kókó yọ níbẹ̀. Bí a bá gé kókó tí a fi ẹṣẹ́ sílẹ̀, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Aboyún tí èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀… alága gba gbohùngbohùn. (Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ lè fọ eyín lọ́dọ̀ dókítà nínú oyún, kò léwu.)

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ìyá yẹn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ta ló máa wá sọ fún àwọn méjèèjì?” Mo gba ìwé ètò ọwọ́ wọn, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fún dókítà ṣúgà pé eyín yìí ń sọ ọyún, ẹ jọ̀wọ́, oògùn wo ni ẹ máa yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́? Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún dókítà eyín pé HbA1c wọn tó gbẹ̀yìn rèé, ẹ pe ẹni tó wà lókè yìí. Mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà tẹlifóònù 2. Ìyá kà á, wọ́n ká a, wọ́n fi sínú báàgì.