Ta Ló Jẹ Ta Lọ́pẹ́?

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi àpérò àwọn ìyá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀ kí n tó kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Gbogbo ọmọ Ajílété, mo kí yín o.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí jíjẹ́ ìyá, ìsọdọmọ àti ọpẹ́. Ọpẹ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń ṣìnà jù.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi nígbà tí èmi àti ọkọ mi gbà á ṣọmọ, tí a mú un wálé. Tí mo bá bu omi fún un, á kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé mà." Tí mo bá bu oúnjẹ, á kúnlẹ̀. Tí mo bá wẹ̀ fún un tán, á tún kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun ti omi lára: "Ẹ ṣé mà." Àwọn àlejò ń yìn ín pé ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́, inú èmi náà sì ń dùn. Àfìgbà tó di òru ọjọ́ kan tí ibà gbé e dè. Mo fi ọ̀já gbè é sẹ́yìn, mo ń rìn káàkiri yàrá. Ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi: "Ẹ ṣé mà. Ẹ má bínú mà."

Ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ló ń tọrọ àforíjì pé òun ṣàìsàn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ẹ̀rù ni gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn. Ọmọ náà ń san owó ilé.

Ó tó oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn (ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbọ́ iye oṣù yẹn dáadáa) kí n tó wọ ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo bá a lórí àpótí. Ó ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ẹran wà lẹ́nu, epo ti kán sí àyà aṣọ. Ó wò mí, kò sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ata yìí ti pọ̀ jù." Ilẹ̀ ilé ìdáná níbẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo kọrin ọpẹ́. Ọmọ mi ti délé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní mo ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ n bi yín. Tí ọmọ tí ẹ fi inú yín bí bá fọ́ abọ́, kí lẹ máa ń sọ? "Olóríkunkun, o jọ bàbá ẹ." (Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín.) Tí èyí tí ẹ gbà tọ́ bá fọ́ abọ́ kan náà ńkọ́? "Aláìmoore! Ṣé o mọ ibi tí mo ti gbé ọ?" Abọ́ kan náà o!

Pọ́ọ̀lù ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí nínú Róòmù 8:15. Ó fi ẹ̀mí ẹrú sí apá kan, ó fi ẹ̀mí ìsọdọmọ sí apá kejì. Ohun tí ẹni tí a sọ dọmọ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ké pe "Ábà, Baba". Àwọn ará Róòmù tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà náà sí mọ ohun tó ń sọ dáadáa. Nero tó wà lórí oyè Róòmù nígbà náà, Claudius tó jọba ṣáájú rẹ̀ ló gbà á ṣọmọ. Augustu tí Lúùkù dárúkọ nígbà ìbí Jésù, Julius Caesar ló fi í ṣọmọ nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ọmọ àgbàtọ́ ló jókòó lórí ìtẹ́ o, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tí wọ́n ti gbé e.

Àwọn wòlíì kan sì wà tí wọ́n ń sọ fún obìnrin tó ń wojú Olúwa pé, "Lọ gba ọmọ kan wálé, ọmọ ló ń pe ọmọ, tìẹ á tẹ̀lé e." Ṣé ìjẹ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja ni ọmọ èèyàn ni? Tí tìẹ bá dé, kí ni eléyìí á wá dà? Mo ti rí ilé tí ọmọ àgbàtọ́ ti di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ. Wòlíì tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Mo fẹ́ẹ́ bọ́ sórí òfin nígbà tí ìyá àgbà kan nàgà dìde láti ẹ̀yìn, ó di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu ẹ dùn. O ti sọ tìẹ, o ti sọ ti ọmọ. Ìyá tó lóyún ẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyẹn?"

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí mo kọ wá, ni mo bá pa ìwé dé.

Mo ní kí a ṣí Ẹ́kísódù orí 2. Jókébédì gbé Mósè pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí kò ṣeé pa mọ́ mọ́, ó hun àpótí eèsún, ó fi ọ̀dà rẹ́ ẹ kí omi má baà wọlé, ó gbé e sáàárín koríko etí odò, ẹ̀gbọ́n ọmọ sì dúró lókèèrè, ó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ nù kì í dí ihò. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ nípa irú ìyá bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú ni pé "ó sọ ọmọ nù".

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni Ruth Kersey, míṣọ́nnárì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kó àwọn ọmọ aláìníyàá jọ tó ń tọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, wọn ò tiẹ̀ rójú ọmọ. Àwọn mìíràn wà láàyè, kò kàn sí agbára ni. Àwa ìjọ náà sì ńkọ́? Tóyún bá yọ lára ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin, àwa la ó kọ́kọ́ lé e. Tí ẹlòmíràn bá wá gba ọmọ yẹn tọ́, a ó dá aṣọ, a ó jó dé iwájú pẹpẹ. Ó dùn mí pé ìyá àgbà ló rán mi létí.

Aago ti lù, alága ti ń wò mí. Ní ṣókí: ilé ẹjọ́ ló ń sọni dọmọ lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin 2003 ní ẹni tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 25, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Ọmọ náà á jogún bí ẹni tí wọ́n bí sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà ìjọba ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá sanwó ọmọ, ẹ sá fún un, òwò ẹrú ló ń ṣe. Ẹ sì tètè sọ fún ọmọ ibi tó ti wá, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ aládùúgbò níbi ìjà.

Ìyá àgbà kò tíì jókòó. Ó ní, "Ìwọ alára, kí lò ń ṣe?"

Mo sọ fún un. Lọ́dọọdún, tí a bá ń dúpẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ mi, àpòòwé méjì la máa ń mú lọ. Orúkọ tirẹ̀ ni mò ń kọ sára ọ̀kan. Mi ò mọ orúkọ obìnrin tó bí i, nítorí náà "Ìyá rẹ̀" ni mò ń kọ sára èkejì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà ti pé mẹ́wàá, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé "rẹ̀", ó sì kọ "mi" sókè rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó gún mi láyà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lẹ àpòòwé pa, ó di ọwọ́ mi mú, a sì jọ gbé e lọ síwájú pẹpẹ.