Ta Ló Kà Á? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àwọn Orin Tí Àwo Wọn Tà Jù Láyé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn: orin wo ni àwo rẹ̀ tà jù láti ìgbà tí aráyé ti ń tẹ àwo? Àwo kékeré là ń sọ o, èyí tí orin kan wà lójú rẹ̀ tí òmíràn wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ á ti rí ìdáhùn kí n tó bu omi mu. "White Christmas" ni, Bing Crosby, olórin ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù 50. Ó dáa. Ta ló wá jókòó ka mílíọ̀nù 50 ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí orin náà ṣe dé. Irving Berlin ló gbé e kalẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn. Júù ni, abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1888, ọmọdé ló wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí New York. Ọjọ́ Kérésì 1928 ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lò tó oṣù kan láyé. Crosby kọ́kọ́ kọ orin náà lórí rédíò lọ́jọ́ Kérésì 1941, nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Jàpáànù ya lu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1942, ó wọ sítúdíò Decca ní Los Angeles, ó gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 péré ni wọ́n ní ó gbà wọ́n.

Ẹ wo àsìkò tó bọ́ sí. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní Íńdíà àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́lààkì, ni wọ́n fi ń ṣe àwo nígbà náà. Ogun dé, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn iléeṣẹ́ àwo dín èyí tí wọ́n ń lò kù gidigidi. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí onílù tó gbọdọ̀ wọ sítúdíò lọ lu nǹkan sínú àwo. Tí Crosby bá fi oṣù mẹ́ta falẹ̀, kò sí bó ṣe máa gba orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù lọ́dún yẹn. Orin ọ̀hún sì ba àwọn ọmọ ogun tó wà lókè òkun lára mu, nítorí ẹni tí ilé ń wù ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kò yé béèrè fún un lórí rédíò àwọn ológun.

Àwo náà tà débi pé irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jẹ. Ní oṣù Kẹta 1947, Crosby padà sí sítúdíò, àwọn onílù John Scott Trotter àti àwọn elégbè Ken Darby tún dúró tì í, wọ́n sì tún orin náà kọ kó lè jọ ti àkọ́kọ́. Ti 1947 yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ lórí rédíò tí oṣù Kejìlá bá dé. Ẹ ò rí i pé orin méjì ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan.

Àmọ́ ṣé wọ́n tilẹ̀ kà á? Lọ́dún 1942, iléeṣẹ́ mọ iye tó tẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù mọ èyí tó kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń pa méjèèjì pọ̀ fún gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn Billboard ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù pé èwo ló ń tà jù lọ́dọ̀ yín. Ní London, nígbà tí ìwé ìròyìn orin NME bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1952, Percy Dickins, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló gbé tẹlifóònù, tó pe nǹkan bí ogún ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn!

Ti àwo oníwúrà tún wá. Ní oṣù Kejì 1942, iléeṣẹ́ RCA Victor fi ọ̀dà wúrà kun àwo "Chattanooga Choo Choo", wọ́n gbé e fún Glenn Miller, olórí ẹgbẹ́ olórin tó kọ ọ́, pé ó ti tà kọjá mílíọ̀nù kan. Iléeṣẹ́ tó tà á ló kà á, òun náà ló fi àmì-ẹ̀yẹ dá olórin rẹ̀ lọ́lá. Ta ni yóò sọ pé ọbẹ̀ òun kò dùn? Ó di 1958 kí RIAA, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ayẹ̀wé-owó-wò yẹ ìwé wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní wúrà. Perry Como, olórin ará Amẹ́ríkà, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ti orin ẹyọ kan. Nítorí náà, ìfojúbù ni mílíọ̀nù 50 ti Crosby, ìwé Guinness fúnra rẹ̀ kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni ti Elton John, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì. Diana, ìyàwó ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, kú ní Paris ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1997. "Candle in the Wind" tí Elton kọ ti wà láti 1973, nípa Marilyn Monroe, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ ọ́ nígbà yẹn. Bernie Taupin, tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún Elton, wá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Elton kọ ọ́ níbi ìsìnkú ní Westminster Abbey ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ó kúrò níbẹ̀, ó gba sítúdíò lọ lọ́jọ́ náà gan-an, George Martin tó ṣiṣẹ́ fún àwọn Beatles ló sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ SoundScan ti ń ka ọjà ní Amẹ́ríkà láti 1991: àmì onílà dúdú tó wà lára páálí kọjá lójú ẹ̀rọ, ó ti wọ ìwé. Mílíọ̀nù 3.4 ló tà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Ti gbogbo ayé, mílíọ̀nù 33 ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ní ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ ìwọ̀nba ló kù fún ìfojúbù.

Àwọn orin àánú ti ebi Etiópíà náà tà bí àkàrà. Ti Band Aid, àwọn olórin tó kóra jọ láti kó owó jọ fún ìyàn náà, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní London ní oṣù Kọkànlá 1984, ń béèrè bóyá àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ pé Kérésì ti dé. Ẹ̀sìn Kristi ti wà ní Etiópíà láti ọ̀rúndún kẹrin o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. "We Are the World" ti Michael Jackson àti Lionel Richie tẹ̀ lé e ní 1985, ó lé ní mílíọ̀nù 20.

Nílé wa ńkọ́? "Sweet Mother" ti Prince Nico Mbarga jáde ní 1976 láti iléeṣẹ́ Rogers All Stars ní Onitsha. Mílíọ̀nù 13 ni ẹnu ń sọ. Ta ni ayẹ̀wé-owó-wò? Kò sí. Kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú tó kún ìgboro, ta ló kà wọ́n? Ẹni tó sọ pé irọ́ ni kò ní ẹ̀rí, ẹni tó sọ pé òótọ́ ni náà kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò mọ ibi ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í ti lù ú tí ìyá ìyàwó bá bọ́ sójú agbo. Ti jùjú tilẹ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé bọ́ sórí àwo ńlá, wọ́n á so orin mọ́ orin títí ojú àwo kan fi máa parí. Ibo lèèyàn fẹ́ gé e sí kó tó lè pè é ní orin ẹyọ kan?

Ìṣirò tún ti yí padà báyìí. Ní 2016, Drake, olórin ará Kánádà, gbé "One Dance" jáde, Wizkid ọmọ Sùúrùlérè àti Kyla sì wà nínú rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ 15 ní ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí RIAA ṣe ń ṣe é ni pé tí wọ́n bá gbọ́ orin ní ìgbà 150, ó di ọjà ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì lè jẹ́ 150 èèyàn tí wọn kò ní padà wá mọ́. Ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ.

Nígbà tí àyè ìbéèrè ṣí sílẹ̀, arákùnrin kan bi mí bóyá ọmọ Yorùbá kan lè wá gba ipò àwo tó tà jù nínú èyí tí ẹ̀rọ kà lọ́wọ́ Elton John. Mo ní tó bá jẹ́ ti àwo tí èèyàn san owó rẹ̀ tó sì gbé relé, kò sẹ́ni tó máa gbà á, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ òyìnbó, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ta mílíọ̀nù 33 yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kógbá sílé.