Gìtá Tí Òógùn Bó Ọ̀dà Rẹ̀: Rory Gallagher ní Belfast

BÙKỌ́LÁ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa, àtẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àtẹni tó ń wakọ̀. Bùkọ́lá rè é láti Belfast. Bọ̀dá Wálé wà ní Dublin lọ́hùn-ún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé káwọn sọ̀rọ̀ onígìtá àwọn kan. Bọ̀dá, ó yá, ilẹ̀ ti yọ̀ǹda.

WÁLÉ: Onígìtá kan kẹ̀! Rory Gallagher lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ballyshannon ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1948, ní Donegal, Cork ló dàgbà sí. Ère rẹ̀ wà nílùú tó o wà yẹn.

BÙKỌ́LÁ: Ṣé ti Bedford Street, níwájú Ulster Hall, gbọ̀ngàn eré yẹn? Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo máa ń gbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, mo rò pé ọmọ ìlú yìí ni.

WÁLÉ: Kì í ṣe ọmọ Belfast rárá. Ohun tí mo fi ní ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ìlú wo ló ń gbé ère fún ọmọ ìlú ẹlòmíì láìnídìí?

BÙKỌ́LÁ: Ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe di onígìtá ná. Ẹ ti fẹ́ máa sáré.

WÁLÉ: Kò burú. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15, ó wọ ẹgbẹ́ olórin kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní showband. Gbogbo Ireland ni wọ́n ń yí ká, láti gbọ̀ngàn ijó kan sí òmíì, wọ́n á kọrin títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa.

BÙKỌ́LÁ: Bí àwọn ẹgbẹ́ jùjú tá a máa ń pè sóde nílé.

WÁLÉ: Ó fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ onijùjú á wo ojú olówó òde, á kì í, orin á sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, ohun tí rédíò bá ń lù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó sú Rory. Blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn rẹ̀, Muddy Waters àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1963 ló rí gìtá náà ní ṣọ́ọ̀bù Crowley ní Cork, Fender Stratocaster tí wọ́n ṣe lọ́dún 1961. Ẹnì kan nínú Royal Showband ló kọ́kọ́ ní in. Pupa lọ́kùnrin yẹn béèrè láti Amẹ́ríkà, èyí tí kì í ṣe pupa ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, bí pupa ṣe dé báyìí ló ta èyí. Nǹkan bíi £100.

BÙKỌ́LÁ: £100 lọ́dún 1963! Níbo lọmọ ọdún 15 ti rí i?

WÁLÉ: Àwìn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Ẹ̀rù gbèsè yẹn ba ìyá rẹ̀, lòun bá ní gìtá yìí máa ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, òun ò ní nílò onígìtá kejì tí wọ́n á jọ pín owó.

BÙKỌ́LÁ: Ọmọ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! Tó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, ìwé ni wọn ì bá ní kí n lọ kà.

WÁLÉ: Wọ́n tiẹ̀ jí i gbé ní Dublin nígbà kan, inú kòtò ni wọ́n ti padà rí i, òjò ti pa á. Àmọ́ òógùn ló bá ọ̀dà ara rẹ̀ jà jù. Ọkùnrin náà ń làágùn bí ẹni wà lábẹ́ òjò, alaalẹ́, ọdọọdún, títí ọ̀dà fi bó kúrò, tó ku igi. Kò tún un kùn. Lóṣù kẹwàá 2024, wọ́n lu igi yẹn ní gbàǹjo ní London, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £900,000, ẹni tó rà á sì fi ta Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Ireland lọ́rẹ.

BÙKỌ́LÁ: Ó dáa. A ti dé Belfast báyìí.

WÁLÉ: A ti dé Belfast. O mọ̀ pé àwọn ọdún 1970 kì í ṣe ọdún eré níbẹ̀, ìjà Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń gbóná ní Àríwá Ireland. Ní July 21, 1972 nìkan, bọ́ǹbù bí ogún ló bú láàárín ìlú kí wákàtí méjì tó pé.

BÙKỌ́LÁ: Màmá kan tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní irin ni wọ́n fi ṣe géètì di àárín ìlú, wọ́n á tú báàgì ẹ kó o tó ráyè wọlé, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, kálukú á ti gbalé lọ. Wọ́n ní ohun tó dùn àwọn nígbà yẹn ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ ni pé olórin kankan kì í wá mọ́.

WÁLÉ: Wọn ò wá mọ́ lóòótọ́. Led Zeppelin ṣeré ní Ulster Hall yẹn ní March 1971, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ "Stairway to Heaven" létí àwùjọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ńlá ń fo Belfast. Rory ò fò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ 1972 tí iná ń jó, ó wà ní Ulster Hall. Lọ́dọọdún, tí Kérésì bá ti ń lọ sópin tí ọdún tuntun ń wọlé, á yí Ireland ká, á sì sọdá ààlà lọ sí Àríwá.

BÙKỌ́LÁ: Ta ni wọ́n jọ ń lọ?

WÁLÉ: Ìyẹn dáa tó o bi mí. Àwọn mẹ́rin ni. Gerry McAvoy ń ta báàsì, Lou Martin wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, ọmọ Belfast làwọn méjèèjì. Rod de'Ath tó ń lùlù, ọmọ Wales ni. Torí náà, ìdajì ẹgbẹ́ ń lọ sílé ni. Ní January 1974, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ àfàgbé dání, ti olórin kan tó ń jẹ́ Ronnie Lane, wọ́n gba orin sílẹ̀ ní Belfast, ní Dublin, àti ní Cork. Tony Palmer ń ya fíìmù rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn gan-an làwo náà jáde, *Irish Tour '74*.

BÙKỌ́LÁ: Mo wo díẹ̀ nínú fíìmù yẹn lálẹ́ àná kẹ́ ẹ má baà bú mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́ẹ̀tì alápótí lásán ni olórúkọ ńlá wọ̀, bí ẹni ń lọ tún bátìrì ọkọ̀ ṣe!

WÁLÉ: Kò lẹ́wù ìtàgé. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà kò pọ̀. Vox AC30 kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, pẹ̀lú àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní Rangemaster tó máa ń ti ohùn òkè síwájú, kí ẹ̀rọ náà lè máa han. Kì í sáré lọ tẹ bọ́tìnnì lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń yí ohùn lára gìtá. Ìwọ tún gbọ́ "A Million Miles Away" dáadáa. Á rọ gìtá náà sílẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, o ò ní gbọ́ pìn-ín láàárín èrò. Kíbọ́ọ̀dù Lou á máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó wá fẹ̀sọ̀ gbé e dìde, ó gbé e, ó gbé e, àfi gbàà!

BÙKỌ́LÁ: Èmi o, èyí tó dá jókòó kọ ni mo fẹ́ràn. "As the Crow Flies." Gìtá onírin àti hàmóníkà, tán. Ó dà bíi pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni.

WÁLÉ: O gbọ́ nǹkan gidi nìyẹn.

BÙKỌ́LÁ: Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣé ìgboyà ni, àbí orí kunkun? Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.

WÁLÉ: Ewu wà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ní July 31, 1975, Miami Showband, ẹgbẹ́ olórin ọmọ Ireland kan, ń bọ̀ láti òde eré ní Banbridge, ní Àríwá lọ́hùn-ún, wọ́n ń padà sí Dublin. Àwọn kan tó wọ aṣọ ṣọ́jà dá wọn dúró lójú títì, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ ló bú gbàmù mọ́ méjì nínú àwọn ọ̀daràn yẹn, làwọn tó kù bá ṣíná ìbọn. Olórin mẹ́ta ló kú.

BÙKỌ́LÁ: Ah. Olórin tó ń lọ sílé.

WÁLÉ: Ọ̀nà tí Rory náà ń gbà nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú lórí ìtàgé, kò sọ fún Kátólíìkì tàbí Pùròtẹ́sítáǹtì pé ibi báyìí ni kí wọ́n jókòó sí. Lójú tèmi, kò ka ara rẹ̀ sí akíkanjú. Iṣẹ́ ni. Ó ti ṣèlérí ọjọ́, ó lọ. Wo January 1975. Mick Taylor tó ń ta gìtá fún Rolling Stones ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Rory sí Rotterdam. Ó gbé gìtá àti ẹ̀rọ rẹ̀ dání, ó bá wọn ṣeré níbẹ̀, àmọ́ ó ti gba eré sílẹ̀ ní Japan. Kò dúró dè wọ́n. Ó wọkọ̀ òfurufú, ó lọ sí Japan.

BÙKỌ́LÁ: Rolling Stones! Ẹni yẹn ì bá fi fóònù pe àwọn ará Japan pé ara òun ò yá.

WÁLÉ: Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ bẹ́ẹ̀! Ìrìn yẹn ò sì dá a sí, mo kà á. Ẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú padà wá ń bà á, oògùn àti ọtí wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọdún 1995 ló kú ní London lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un. Ọmọ ọdún 47 péré. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré.

WÁLÉ: Bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan kọ́ ni ìrìn ọdún gbọọrọ ti rún mọ́lẹ̀, a sì máa ń yìn wọ́n fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ.

BÙKỌ́LÁ: Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ ńkọ́?

WÁLÉ: Má fi ti inú stúdíò bẹ̀rẹ̀. "Walk on Hot Coals" wà lórí *Blueprint*, ọdún 1973, nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Ó dùn. Àmọ́ lórí *Irish Tour*, ó lé ní ìṣẹ́jú 11, èrò wà níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wo aago. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Ìṣẹ́jú 11 fún orin kan ṣoṣo! Màá gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ariwo létí mi, màá sọ ọ́ síbí o.

WÁLÉ: Sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Cork, ẹ ṣáà jẹ́rìí mi, ohùn Bùkọ́lá lẹ gbọ́ yẹn, kì í ṣe tèmi.