Iwin Tí Kò Lófin Kì Í Dẹ́rù Bani

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹ̀dá abàmì inú ìwé ìtàn àròsọ wa àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. N kò ní ka orúkọ wọn tán o. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to iwin, egbére, ẹbọra àti àǹjọ̀nnú lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń kó jìnnìjìnnì báni nínú ìwé, tí òmíràn, pẹ̀lú gbogbo ìwo àti èékánná rẹ̀, sì ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí egbére bẹ̀rẹ̀. Kúkúrú ni, ẹkún ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹní kékeré kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà á di olówó, bó bá ṣáà ti lè fara da ẹkún egbére tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò ní eyín gígùn, kò yọ idà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò ní bi ara rẹ̀ bóyá òun á lè gba ẹní yẹn. Òfin tó so mọ́ ẹní náà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìrísí egbére.

Èyí tó wù mí jù ni ìtàn ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n, tí àwọn kan ń sọ mọ́ Ọya fúnra rẹ̀. Ọdẹ lúgọ, ó rí ẹfọ̀n tó ń bọ̀. Kó tó ṣe ohunkóhun, ẹfọ̀n bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, arẹwà obìnrin ló jáde níbẹ̀. Ó ká awọ, ó fi í pamọ́, ó gba ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ gbé lọ sílé, ó jù ú sí òkè àjà; àwọn mìíràn ní inú àká ni. Nígbà tí obìnrin padà dé tó bá ibẹ̀ lófìfo, ó mọ̀ pé kò sọ́nà míì. Ó gbà láti fẹ́ ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tí òun ti wá. Ó bímọ, ilé tòrò. Ìyálé wá fún ọkọ lẹ́mu mu yó, ọkọ tú àṣírí. Lọ́jọ́ tí ìjà dé, ìyálé fi kọrin pé kó máa jẹ, kó máa mu, awọ rẹ̀ ń bẹ lókè. Obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó sì padà di ẹfọ̀n. Ìyálé kò yè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ó fi ìwo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn pé bí ìṣòro bá dé, kí wọ́n lu méjèèjì mọ́ra, òun á gbọ́. Ìwo ẹfọ̀n méjì ṣì wà lójúbọ Ọya títí dòní.

Ẹfọ̀n kọ́ ló ń dẹ́rù bani níbẹ̀. Ọdẹ ti ń pa ẹfọ̀n tipẹ́. Awọ tó wà lókè àjà nígbà tí ìdílé ń jẹun nísàlẹ̀ ni.

Amos Tutuola, òǹkọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta, mọ àṣírí yìí. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé ọkùnrin tí ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ láti ọjà. Wọ́n dé inú igbó, ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó ni ín, ó ń san owó tó fi háyà wọn, títí ó fi ku agbárí lásán. Àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ ni ìdí rẹ̀. Owó háyà yẹn ni kí ẹ kíyè sí: abàmì ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ gbèsè!

Mo mọ̀ pé Fágúnwà lẹ ti ń retí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-Ògùn pàdé abàmì kan, Àgbákò: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ, ojú 16 tó yí orí ká. Iye yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ojú odù Ifá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò tèmi nìyẹn. Ní tòótọ́, aṣọ àti ojú wọ̀nyí kọ́ ni mo fi ń rántí àwọn ẹ̀dá Fágúnwà. Ẹnu wọn ni. Nínú Igbó Olódùmarè, ọdẹ tó ń jẹ́ Olówó-Ayé àti abàmì tó ń jẹ́ Èṣù-Kékeré-Òde fi ọ̀rọ̀ na ara wọn kí wọ́n tó gbé ọwọ́. Ẹni tó bá mọ ìjálá àti ọfọ̀ ọdẹ á mọ ibi tí òfin yẹn ti wá.

Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan lónìí á mú orúkọ àbíkú, wọ́n á fún un ní ìyẹ́ àti iná lẹ́nu, ó parí. Àbíkú tí kò bá ìyá kankan ṣẹ̀fẹ̀, tí kò lọ, tí kò bọ̀, kí ló fi jẹ́ àbíkú?

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀dá tí ẹ ó lò, Àrọ̀nì nìyí, ẹlẹ́sẹ̀ kan, amòye ewé, tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ Ọ̀sányìn. Ẹni tó bá rí i tó sá, á pa á jẹ. Ẹni tó bá dúró wò ó lójú, á mú un lọ sínú igbó, á kọ́ ọ ní ewé fún oṣù mẹ́ta, á sì fún un ní irun kan láti ìrù rẹ̀ kí ará ilé lè gbà á gbọ́. Ẹni tó sá àti ẹni tó dúró ti di èèyàn inú ìwé méjì nìyẹn, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan nípa bí Àrọ̀nì ṣe rí. Oṣù mẹ́ta inú igbó yẹn nìkan tó odindi ìwé.