Èèyàn Mélòó Ni Ẹ Fi Pín In? Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Ìpànìyàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àti akọ̀ròyìn ní Ìkòròdú. A gé àsọtúnsọ kúrò. A fi àwàdà sílẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èèyàn 20 ni wọ́n pa ní Ìkòròdú lọ́dún kan. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ má lọ gbé e sórí WhatsApp. A ó fi iye olùgbé pín 20 yẹn, a ó wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100,000. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kárí ayé nìyẹn. Ìbéèrè tó kù ni pé, olùgbé mélòó?

Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní 535,619 ni gbogbo wa ní Ìkòròdú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tiwọn lọ́dún kan náà, àwọn ní 689,045 ni wá. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì tún ka èèyàn ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá dì mọ́ 535,619, 3.7 nínú 100,000 ló máa rí. Ẹni tó bá ní iye yẹn ń fi ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dọọdún, tó ṣírò rẹ̀ dé 2024, á bá nǹkan bí 944,000 pàdé; ìdáhùn rẹ̀ á wálẹ̀ sí 2.1. Ẹ fi ìdá kan náà lé ti Ìpínlẹ̀, ó ń lọ sí 1,215,000, ìdáhùn di 1.6. Òkú 20 kan náà ni o. Kò sẹ́ni tó jí dìde níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti gba Odògúnyàn kọjá láìpẹ́ yìí mọ̀ pé 3.2 kéré fún wa. Ilé tuntun ló kún gbogbo ibẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Lagos Island, ìjọba àpapọ̀ ka 209,437, Ìpínlẹ̀ ka 859,849. Ìlọ́po mẹ́rin! Tí wọ́n bá pa èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀, ẹnì kan á sọ pé 4.8, ẹnì kejì á ní 1.2, àwọn méjèèjì á sì fi ìwé ìjọba gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ tún wo èyí: ìyá tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, tó ń sùn ní Sábó wa níbí, Ìkòròdú ni wọ́n kà á mọ́. Tí wọ́n bá gún un lọ́bẹ ní Ìdúmọ̀tà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀rùn Ìsàlẹ̀ Èkó ni òkú rẹ̀ wà. Òkè ìṣirò kún fún àlejò, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ibikíbi tí ọjà ńlá bá wà, ẹ̀jẹ̀ á dà bíi pé ó pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ iye olùgbé yìí di ẹ̀sìn. Àwọn yẹn náà ló ń kọ "3.73" sínú ìròyìn, bí ẹni pé wọ́n ka ẹsẹ̀ gbogbo wa lálẹ́ àná. (Ẹ̀rín.)

Lọ́dún 2017, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè, ní ẹ̀sùn ọ̀daràn 134,663 ni wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkó ní 50,975, ìdá 37.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Kíá, àwọn kan ti sọ Èkó di ìlú apànìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, olè jíjà, gbájúẹ̀ àti ìjà àdúgbò wà nínú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibi tí tésàn bá sún mọ́ ilé, tí wọ́n sì ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ni ẹ̀sùn ti máa ń pọ̀. Láti 1829 ni oníwádìí méjì, Guerry àti Balbi, ti ya máàpù ìwà ọ̀daràn ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń jalè jù, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń kọlu èèyàn jù.

Iye tó kéré náà ń tan ni jẹ. Kánsù tó ní olùgbé 50,000: wọ́n pa èèyàn méjì lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin lọ́dún yìí. Ìwé ìròyìn á pariwo pé ó ti di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ka mẹ́rin lọ́dún kan, bí ewu ibẹ̀ ṣe rí gan-an lè wà láàárín ọ̀kan sí mẹ́wàá. Òdo pàápàá kò túmọ̀ sí àlàáfíà. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa pa tó mẹ́ta lọ́dún lè rí òdo lọ́dún kan. Ẹ kó ọdún márùn-ún pọ̀ kí ẹ tó kun ọ̀dà sórí kánsù kankan.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sáré.

Ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè má jẹ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n gún ẹnì kan ní Owútù, ó kú sí ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "ìṣeniléṣe" ni wọ́n kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá padà lọ tún un ṣe, kò ní wọ ìpànìyàn láé. Ẹjọ́ tó bá dé Pántì, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀daràn ní Yábàá, lè di àmì pupa sí Yábàá. Òkú tí wọ́n bá ní Ògìjo, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la jọ pín títì. Ìbẹ̀ṣè ńkọ́? Tiwa wà, ti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin wà, ti oníṣìmẹ́ńtì wà ní Ògùn. Kọ̀ǹpútà á mú èyí tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀: tí wọ́n bá pín kánsù sí ìpele márùn-ún, tí iye kánsù inú ìpele kọ̀ọ̀kan dọ́gba, ìdá kan nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ pupa, bí iye ìpànìyàn gbogbo wọn tilẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ ka àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù.

(Ìyá kan láti Ìgbògbó nawọ́: "Ọmọ mi, o ṣe é o. Ṣùgbọ́n nígbà Bàdóò, àwọn apànìyàn tó ń wọlé onílé lóru, gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ń ṣọ́ òru. Máàpù wo ló gbà wá?")

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín ju èyí tó kù nínú ìwé mi lọ, mo ti pa á dé.

Ẹ rántí bó ṣe rí ní 2016 àti 2017. Wọ́n á wọ ilé kan, wọ́n á pa ìyá, bàbá àti ọmọ. Àkọ́kọ́, tí máàpù bá ń ka ìṣẹ̀lẹ̀, àmì kan ṣoṣo nìyẹn. Tó bá ń ka òkú, mẹ́ta ni. Ìkejì, àwọn tí èrò lù pa tí wọ́n sì dáná sun pé ọmọ Bàdóò ni wọ́n, òkú tiwọn náà wà nínú ìṣirò ìpànìyàn, ìbáà dun àdúgbò tàbí kò dùn ún. Ìkẹta ló kan ìbéèrè yín: máàpù tó kun gbogbo Ìkòròdú ní pupa kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ilé tí wọn ò tíì parí, tí kò ní fẹ́ǹsì, tí aládùúgbò jìnnà sí, lóru, níbẹ̀ ni ewu wà. Sábó ò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni wọ́n kùn ún.

("Kí ni ká máa kọ, nígbà náà?")

Ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ṣe é léṣe, ọjọ́ tó kú, lọ́tọ̀, èèyàn mélòó, irú ilé, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí fóònù fún yín ní nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí ibẹ̀ wà lórí máàpù (latitude àti longitude), ẹ kọ wọ́n dé nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì tó dà bí ẹ̀sún (point). Ìyẹn kò ní yẹ̀ ju nǹkan bíi mítà mọ́kànlá lọ lójú ìwé, bí fóònù bá rí ojú sánmà dáadáa. Tiwa níbí ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.6, lẹ́yìn náà 3.5. Ẹni tó bá fi èkejì ṣáájú èkíní, inú òkun ni òkú Ìkòròdú máa bọ́ sí, ní gúúsù ìlú àwọn Ìjọ̀. (Ẹ̀rín.) Tésàn ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà tó pé. Èyí tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn CDA, oríta tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni kí ẹ fi àmì sí, torí àwọn ẹbí ṣì ń gbé inú ilé yẹn.